Wọ́n Gbé Egbò Wá Tọrọ Moyọ̀sọ́rẹ

Àwọn tó wá tọrọ Moyọ̀sọ́rẹ ti wá, wọ́n ti lọ, wọ́n sì ti ru ìtìjú wọn wọ bọ́ọ̀sì, kí ọ̀rọ̀ náà tó dé etí Moyọ̀sọ́rẹ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n wá. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni òun padà dé láti Cork, níbi tí ó ti lọ bá Dorcas ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ọmọ lórúkọ. Ó ṣì ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Blanchardstown nígbà tí àbúrò rẹ̀, Tẹ́ní, yọ orí láti kíṣìnì.

"Sister Moyọ̀, ọkùnrin yín wá lánàá."

Dublin ni wọ́n bí Tẹ́ní sí. Bí ó bá ń sọ Yorùbá, bí ẹni tó ń rìn lórí yìnyín ló máa ń rí, ó ń ṣọ́ ibi tí ẹsẹ̀ lè gbà yọ̀.

"Ọkùnrin wo?"

"Jeremaia. Òun àti bàbá kan tó dàgbà gan-an. Bàbá yẹn wọ kóòtù, wọ́n de táì, wọ́n wá wọ síkẹ́ẹ̀tì."

Moyọ̀sọ́rẹ gbàgbé bàtà kejì sí ẹsẹ̀. "Jeremaia wá síbí? Ta ló ní kó wá?"

"Èmi kọ́ o. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n gbé nǹkan síwájú Mọ́mì, bàbá yẹn ń sọ èdè kan, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mọ́mì gbé nǹkan náà jáde sẹ́yìnkùlé níṣojú wọn, wọ́n ní kí àwọn méjèèjì máa lọ. Wọ́n wá pe pásítọ̀ lórí fóònù, a gbàdúrà títí. Mi ò rí bọ́ọ̀lù wò."

"O ò sì pè mí!"

"Mọ́mì gba fóònù mi. Wọ́n ní tí mo bá sọ fún yín kí ẹ tó délé, kí n gbàgbé ẹ̀."

"Kí ni wọ́n gbé wá?"

Tẹ́ní ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ó tún pa á dé, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. "Yoke kan, nǹkan kan báyìí ni. Bí igi. Bí egbò. Ó wà nínú bíìnì búráùn."

Moyọ̀sọ́rẹ kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, èkejì nínú ìbọ̀sẹ̀, ó ṣí bíìnì náà. Nísàlẹ̀ èèpo ànàmọ́ àti ewé tíì tó ti rẹ̀, ó rí i. Ìdì egbò gbígbẹ ni, ó gùn tó apá ọmọdé, wọ́n fi okùn èèpo igi dì í pọ̀, wọ́n sì fi ewé gbígbẹ tí wọ́n hun bí ẹní wé e nídìí. Iyẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ ibòmíràn ṣì wà níbi oríkèé rẹ̀. Ó gbé e jáde, ó gbọn èèpo ànàmọ́ kúrò lára rẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà aṣọ funfun tó wọ̀. Ojú rẹ̀ gbóná. Ẹkún kọ́ ló ń bọ̀. Ìbínú ni.

Ó mọ orúkọ egbò náà. Bí ó ṣe mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀.

Ìgbà ìrúwé ni, òjò sì ń rọ̀ sí òpópónà Moore Street bí ẹni pé wọ́n gbà á síṣẹ́. Moyọ̀sọ́rẹ wà nídìí káńtà ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta iṣu, èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ, ó ń ka ìwé ìtàn kan tó yá lọ́wọ́ ẹni kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, àfi bí ẹnu ọ̀nà ṣe ṣókùnkùn lójijì. Ọkùnrin kan ló bẹ orí wọlé. Ó ga, ó fẹ̀, òjò ń kán láti ìpéǹpéjú rẹ̀. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó lọ tààrà síbi apẹ̀rẹ̀ kókò, ó mú èyí tó tóbi jù níbẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè, ó pa ojú dé, ó gbóòórùn rẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ wá rọ̀, bí ara ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ rẹ̀ fún.

Moyọ̀sọ́rẹ pa ìwé rẹ̀ dé. Kò tíì rí ibi tí ọkùnrin ti fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wo ohun tí a ń jẹ.

"Bùọ̀dá," ló wí, "ṣé ẹ fẹ́ rà á ni, àbí ẹ fẹ́ ṣe ìsàmì fún un?"

Ọkùnrin náà la ojú, ó rẹ́rìn-ín. "Dalo," ló wí.

"Kókò ni."

"Dalo ni."

"Nínú ṣọ́ọ̀bù wa, kókò ni."

"Nínú ṣọ́ọ̀bù yín, ó ti rẹ̀ ẹ́. Nílé wa, a máa ń wà á láàárọ̀, a ó jẹ ẹ́ lọ́sàn-án."

"Ẹ kúkú máa lọ jẹ ẹ́ nílé yín."

"Fíjì ni, erékùṣù tó wà ní òdìkejì ayé. Tí mo bá wọ ọkọ̀ òfuurufú nísinsìnyí, oúnjẹ ọ̀sán á ti tutù."

Ó na ọwọ́ sí iṣu, ó ní uvi ni. Ó na ọwọ́ sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ó ní vudi ni. Àgbọn ńkọ́? Niu. Òun náà bèèrè orúkọ tí Moyọ̀sọ́rẹ ń pè wọ́n, ó ń tún un sọ lẹ́nu pẹ̀lú ìbọ̀wọ̀, ó ń ṣì í pè, ó ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ìyá kan tó ń dúró lẹ́yìn rẹ̀ pòṣé.

"Ẹ ẹ̀! Ṣé ẹ ti sọ ibí di ilé ìwé ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọn iṣu mi kí ìfẹ́ yín má bàa dá mi dúró."

Ojú ti àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu ìyá náà, kò sì sí ẹni tó kó o padà nínú wọn.

Jeremaia ni orúkọ rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Dún Laoghaire. Bí Moyọ̀sọ́rẹ bá ti ní ìsinmi, a máa wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá a, wọn a máa rìn lórí afárá òkúta gígùn tó wọ inú òkun, atẹ́gùn á máa fa gèlè lórí rẹ̀, wọn a máa pààrọ̀ orúkọ. Bí àwọn mìíràn ṣe ń fi òdòdó ránṣẹ́ síra wọn, orúkọ ewé àti ẹranko ni tiwọn. Jeremaia sọ fún un nípa ewé ìtàkùn kan tí Bubu, ìyá bàbá rẹ̀, máa ń fún sí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Moyọ̀sọ́rẹ ní àwọn náà ní irú rẹ̀ nílé, pé orúkọ olóṣèlú kan ni wọ́n fi sọ ọ́ nítorí pé ibi gbogbo ló ń hù sí láìsí ẹni tó pè é. Jeremaia rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí òkúta.

Ó sọ nípa aràn òkun kan, balolo, tó máa ń yọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ní ìdájí, tí gbogbo abúlé á gbé àwọ̀n wọ omi. "Èsúnsún!" ni Moyọ̀sọ́rẹ kígbe. "Tiwa máa ń fò jáde lẹ́yìn òjò. A ó fi omi sábẹ́ iná, a ó yan án." Jeremaia ní ìdílé kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ àwọn ní igi tirẹ̀, ẹja tirẹ̀ àti ẹyẹ tirẹ̀, pé àwọn kì í jẹ ẹ́. Moyọ̀sọ́rẹ ní ọ̀kín ni ti ìdílé bàbá òun, pé tí wọ́n bá ń ki òun, ẹyẹ náà ni wọ́n ń pè.

"Nígbà náà, Ọ̀kín, má fò lọ," ni Jeremaia wí.

"Ta ló ní kí o máa pè mí ní Ọ̀kín?"

"Ṣé kí n dákẹ́ ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

Jeremaia ló sọ fún un nípa egbò yangona. Lọ́dọ̀ àwọn, ló wí, èèyàn kì í lọ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ àgbà lọ́wọ́ òfo. O fẹ́ kí wọn nílùú tuntun, yangona ni. O ṣẹ̀, o fẹ́ tọrọ àforíjì, yangona ni. O fẹ́ ọmọ wọn, yangona náà ni. Ìwọ kọ́ lo sì ń gbé e lọ. Àgbà ìdílé rẹ ló ń gbé e, ló ń ṣe agbẹnusọ rẹ. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń tọrọ kì í sí níbẹ̀.

Ó tún sọ èyí tó ń dun ọkàn rẹ̀. Ní abúlé Bubu, ní etíkun erékùṣù Kadavu, àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbàgbé orúkọ. Ewé ti di ewé lásán, ẹja ti di ẹja. Bubu nìkan ló ṣẹ́kù tó mọ̀ wọ́n tán, èyí tó wà fún ikọ́, èyí tó wà fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, èyí tí a kì í já lẹ́yìn ìgbà tí oòrùn bá wọ̀. Ara rẹ̀ kò sì le mọ́. Jeremaia ti gbìyànjú láti gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù, màmá àgbà náà kọ̀. Ó ní òun kò lè sọ orúkọ ewé fún ẹni tí kò mú ewé náà dání. Nítorí náà Jeremaia fẹ́ lọ jókòó tì í fún ọdún kan, láti Oṣù Kejìlá. Ó ti bi Moyọ̀sọ́rẹ bóyá yóò bá òun lọ. Moyọ̀sọ́rẹ ní òun á rò ó, pé kí ó ní sùúrù kí òun kọ́kọ́ bá ìyá òun sọ̀rọ̀. Kò tíì mọ bí òun ṣe máa gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ìyá rẹ̀. Ohun tí ìyá rẹ̀ mọ̀ kò ju pé ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Jeremaia, ó sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọmọ díákónì kan láti Ìjẹ̀bú ni.

Ibi tí nǹkan dúró sí nìyẹn kí ó tó lọ sí Cork.

Ó gbé egbò náà wọ pálọ̀. Ìyá rẹ̀ wà lórí àga, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti tú gèlè sẹ́gbẹ̀ẹ́. Pápá ọkọ̀ òfuurufú ni Ìyá Moyọ̀ ti ń ṣe ìmọ́tótó, ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rí ìsinmi. Bó ti rí egbò náà, ó fò dìde.

"Moyọ̀sọ́rẹ! Gbé nǹkan yẹn kúrò nínú ilé mi!"

"Mọ́mì, ẹ káàsán. Kí ni Jeremaia ṣe fún yín?"

"Ṣé o rí ohun tí wọ́n gbé wá? Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, pẹ̀lú àga mélòó tí mo ní! Wọ́n ń pa àtẹ́wọ́ tó ń dún gbùù, bí ẹni tó ń pe nǹkan jáde lábẹ́ ilẹ̀. Wọ́n gbé egbò síwájú mi. Egbò! Èmi tí mo jẹ́ àgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì!"

"Nígbà tí wọ́n ṣe ìdána Sister Gbọ́lá, ta ló gbé orógbó? Ta ló gbé obì, tó gbé ataare, tó ń sọ ohun tí wọ́n wà fún níkọ̀ọ̀kan, tí gbogbo ènìyàn ń ṣe àmín?"

"Ìyẹn yàtọ̀."

"Báwo ló ṣe yàtọ̀?"

"Tiwa la mọ orúkọ ẹ̀! A mọ ohun tí a ń fi í ṣe!"

"Àwọn náà mọ orúkọ tiwọn!" Ohùn Moyọ̀sọ́rẹ lọ sókè débi tí Tẹ́ní fi sá wá sẹ́nu ọ̀nà. "Wọ́n mọ̀ ọ́n, Mọ́mì, ẹ̀yin ni ẹ ò bi wọ́n! Ẹ̀gbọ́n ìyá Jeremaia, bàbá arúgbó, wọ ọkọ̀ láti Wales, wọ́n wọ síkẹ́ẹ̀tì tí àgbà ọkùnrin wọn ń wọ̀ lọ síwájú ọba, wọ́n jókòó sílẹ̀ láti bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ sì lé wọn bí ẹni ń lé ajá! Ẹ ò fi omi lọ̀ wọ́n. Ẹ ò bèèrè pé, ẹ̀yin èèyàn yìí, kí ni ẹ gbé wá? Tí àwọn òyìnbó bá ṣe irú ẹ̀ fún wa, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ pariwo!"

Ìyá rẹ̀ jókòó padà. Ó mú gèlè rẹ̀, ó ń ká a, ó ń tú u.

"Mi ò bèèrè," ló wí níkẹyìn. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ó dáa. Èyí tí mo bèèrè ńkọ́?"

"Èwo?"

"Nígbà tí bàbá yín kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé igbá kan síwájú mi. Egbò ló wà nínú ẹ̀, wọ́n ti rẹ ẹ́ sómi, omi náà ti dúdú. Wọ́n jókòó yí mi ká. Wọ́n ní kí n mu ún, kí àwọn lè mọ̀ bóyá èmi ni mo pa á. Mo bi wọ́n, mo ní, ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ egbò yìí? Wọ́n ní obìnrin kì í bèèrè. Oyún èyí wà nínú mi." Ó fi orí tọ́ka sí Tẹ́ní. "Mo ní mo fẹ́ lọ tọ̀. Mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde, mo fà ọ́ lọ́wọ́, mi ò padà mọ́. Ìwọ rò pé ìrìn àjò la lọ. O ń kọrin nínú mọ́tò."

 Moyọ̀sọ́rẹ rántí orin náà, kò rántí ohun mìíràn.

"Ẹ̀gbọ́n Dádì," ló wí. "Èyí tí ẹ máa ń ní kí n kí lórí fóònù ní ọdún tuntun?"

"Òun náà ni."

"Ẹ sì ń jẹ́ kí n máa kí i! Tí mo ń kúnlẹ̀ nídìí fóònù!"

"Mi ò fẹ́ kí ẹ dàgbà pẹ̀lú ìkórìíra."

Ìbínú Moyọ̀sọ́rẹ kò lọ. Ó kàn yí ojú sí ibòmíràn ni, ó sì pọ̀ sí i. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó gbé egbò náà sí itan.

"Ohun tí wọ́n ṣe fún yín burú. Tí mo bá rí ọkùnrin yẹn lónìí, màá sọ fún un lójú ara ẹ̀. Ṣùgbọ́n Jeremaia kọ́ ló gbé igbá yẹn, Mọ́mì. Bàbá tó wá lánàá kọ́. Àwọn tí kò mọ̀ nípa ẹ̀ lẹ fìyà ẹ̀ jẹ."

Ìyá rẹ̀ wo egbò náà fún ìgbà pípẹ́.

"Kí ni orúkọ ẹ̀?"

"Ti ta ni?"

"Ti egbò yẹn."

"Yangona. Wọ́n máa ń gún un, wọ́n á pò ó mọ́ omi, gbogbo ilé á mu láti inú abọ́ kan náà. Ẹni tó gbé e wá ló máa ń mu tirẹ̀ níṣojú gbogbo ènìyàn. Wọ́n fi ń kí àgbà, wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n fi ń tọrọ ìyàwó."

"Áà, yangona nìyẹn! Jeremaia ti sọ ọ́ fún mi rí, ó ní bí omi ẹrẹ̀ ló rí," ni Tẹ́ní wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ó ní ahọ́n èèyàn á kú díẹ̀."

"Ẹni tó gbé e wá náà ń mu," ni ìyá wọn tún sọ fún ara rẹ̀. Ó wá gbé ojú sókè. "Nígbà tí mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e kúrò nílẹ̀, bàbá yẹn rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ gidi. Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

Moyọ̀sọ́rẹ la ojú sílẹ̀. "Ọwọ́ méjèèjì lẹ fi gbé e?"

"Ó wúwo."

"Mọ́mì! Tí wọ́n bá gbé e síwájú ẹni, tí ẹni náà bá fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó ti gbà nìyẹn. Ẹ ti fi mí fún wọn!"

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!"

"Ẹ fi mí fún wọn, ẹ wá gbé mi jù sínú bíìnì."

Tẹ́ní ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá wọn wò ó bí ẹni tó fẹ́ bá a wí, àmọ́ èjìká tirẹ̀ náà ti ń mì.

Jeremaia kò gbé fóònù. Láti ọjọ́ Sátidé ni kò ti gbé e, ìyẹn náà sì wà lára ohun tí Moyọ̀sọ́rẹ ń kó jọ lọ́kàn. Ṣùgbọ́n Moyọ̀sọ́rẹ ní nọ́ńbà bàbá tó bá a wá, Àǹkù Inoke, ẹ̀gbọ́n ìyá Jeremaia, sójà tó ti fẹ̀yìn tì ní Wales, tí wọ́n ti jọ sọ̀rọ̀ rí. Ó pè é, ojú bàbá náà yọ lórí fóònù, ó le koko. Moyọ̀sọ́rẹ gbé fóònù náà dúró lórí káńtà kíṣìnì, ó ní ìyá òun fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ìyá Moyọ̀ tún gèlè rẹ̀ wé. Ó dé iwájú fóònù náà, ó sì kúnlẹ̀, nítorí èèyàn kì í dúró bẹ àgbà.

"Ibo ló lọ?" ni ohùn Àǹkù Inoke bèèrè. Sílíìnì nìkan ló ń rí. "Ṣé ó ti tún lọ sídìí bíìnì ni?"

"Mo wà nílẹ̀ níbí, sà!" ni Ìyá Moyọ̀ pariwo láti ìsàlẹ̀. "Mo wà lórí ìkúnlẹ̀! Ẹ má bínú, sà. Ohun tí ẹlòmíràn ṣe fún mi ni mo fi gbèsan lára yín. Ẹ wá sílé mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò fún yín ní omi. Ẹ foríjì mí."

 Lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́ àtẹ́wọ́ láti inú fóònù, ó rọra ń dún, ó jinlẹ̀. Àǹkù Inoke ní ó ti parí, pé ẹni tó bá kúnlẹ̀ débi tí wọn kò rí i mọ́, ó ti bẹ̀bẹ̀ tó.

Ṣé àwọn àgbà méjèèjì wá dákẹ́ níbẹ̀? Rárá o. Kí Moyọ̀sọ́rẹ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti ń pe ara wọn ní àna. Wọ́n mú oṣù Ògúsì. Wọ́n yan ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Moyọ̀ ní ohun kan péré ni òun tọrọ, pé kí ọmọ òun má lọ sí erékùṣù kankan. Ibi tí òun sá gbé e dé yìí ti jìnnà tó. Àǹkù Inoke ní kò burú, pé òun á sọ fún Jeremaia kó jáwọ́ nínú ìrìn àjò Oṣù Kejìlá. Moyọ̀sọ́rẹ ló di fóònù náà mú kó má ṣubú. Kò sí ẹni tó wo ojú rẹ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Lọ́jọ́ kejì, Jeremaia fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, Moyọ̀sọ́rẹ sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Dún Laoghaire. Jeremaia ń dúró dè é níbi tí afárá òkúta ti bẹ̀rẹ̀, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀rín kún ojú rẹ̀ bámú. Òun ló kọ́kọ́ sáré wá.

"Ọ̀kín mi! Àǹkù ti sọ gbogbo ẹ̀ fún mi! Ó ti parí! Oṣù Ògúsì!"

"Má fọwọ́ kàn mí."

Ẹ̀rín náà kú lójú rẹ̀. "Kí ni mo ṣe?"

"O ń bèèrè! O lọ sílé wa láìsọ fún mi. Mo ti ní kí o ní sùúrù kí n kọ́kọ́ bá ìyá mi sọ̀rọ̀."

"Òpin ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan ni Àǹkù ráyè wá. Lọ́dọ̀ wa, wọn kì í..."

"Mo mọ̀. Wọn kì í sọ fún ọmọbìnrin. Lọ́dọ̀ tiwa, a máa ń rán alárinà, ìyá mi á ti gbọ́ orúkọ rẹ kó tó rí ẹsẹ̀ rẹ. O mọ orúkọ gbogbo ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wa, o ò bèèrè bí wọ́n ṣe ń wọ ilé wa! Ìyá mi lé ọ, wọn ò bi mí. O pa fóònù rẹ, o ò bi mí."

"Ojú ló tì mí. Mo rò pé o mọ̀ sí i."

"Ṣé o bèèrè? Àwọn méjèèjì wá jókòó lánàá, wọ́n pín mi mọ́wọ́ bí ìwọ̀n iṣu, ìwọ náà sì gbà! O gbà pé o ò ní lọ mọ́?"

Jeremaia wo omi. "Àǹkù ní ohun tí màmá rẹ tọrọ nìyẹn. Mo ní kò sí wàhálà. Bí mo bá fi lè rí ọ fẹ́..."

"Bubu ńkọ́?"

Ó ń fi bàtà ha òkúta.

"Jeremaia, Bubu ńkọ́? Ta ló máa jókòó tì í? Tó bá kú pẹ̀lú gbogbo orúkọ yẹn lẹ́nu, ta lo máa di ẹ̀bi rẹ̀ rù? Èmi! Ní ọdún mẹ́wàá sí i, wàá máa wò mí nídìí tábìlì, wàá máa rántí pé nítorí tèmi ni. O ò sọ ọ́ jáde, mo mọ̀ ọ́, o níwà. Ṣùgbọ́n màá máa rí i lójú ẹ. Ta ló ní kí o fi èyí ṣe owó orí mi? Ṣé mo bèèrè ẹ̀ ni?"

"Mo rò pé inú rẹ á dùn," ló wí pẹ̀lú ohùn kékeré. Ọkùnrin tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ohùn náà kò tó nǹkan. "Ìyá rẹ ti jìyà. Àǹkù sọ fún mi. Mi ò fẹ́ jẹ́ ẹni tó tún gbé ọmọ lọ mọ́ ọn lọ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Moyọ̀sọ́rẹ lára. Ó mí sókè, ó mí sílẹ̀. Atẹ́gùn òkun ń fẹ́ mọ́ wọn, àwọn tó ń mú ajá rìn ń kọjá, wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan.

"Mo mọ̀ pé o rò ó dáadáa," ló wí. "Gbogbo yín ni ẹ rò ó dáadáa. Ìyá mi rò ó dáadáa, Àǹkù rò ó dáadáa. Gbogbo yín ni ẹ nífẹ̀ẹ́ mi, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú yín tó bi mí léèrè."

 Jeremaia rọra jókòó sílẹ̀ lórí òkúta, níwájú rẹ̀, bó ṣe jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀ wọn lọ́jọ́ Sátidé, kò bìkítà fún àwọn tó ń kọjá. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"Mi ò gbé nǹkan kan wá," ló wí. "Àgbà kankan kò sì bá mi wá. Èmi nìkan ni mò ń bèèrè. Moyọ̀sọ́rẹ, kí ni ìwọ fẹ́?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti ti Cork dé, ìbínú rẹ̀ rọlẹ̀. Ó jókòó ti Jeremaia lórí òkúta tútù náà, ó wo ojú rẹ̀.

"Ìwọ ni màá fẹ́," ló wí. "Mi ò ní fẹ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ní Ògúsì. Ní Oṣù Kejìlá, màá bá ọ lọ sọ́dọ̀ Bubu, a ó jókòó tì í títí yóò fi sọ ohun tó mọ̀ fún wa. Tí a bá padà dé, a ó ṣe ìgbéyàwó nílùú yìí, níṣojú ìyá mi. Ìyá mi á sunkún. Èmi ni màá sọ fún wọn, kì í ṣe ìwọ, kì í ṣe Àǹkù. Ohun tí mo yàn nìyẹn, Jeremaia, ìwọ ni mo sì kọ́kọ́ sọ ọ́ fún."